Kóòtù Tó Gba Èèyàn Méjì

Oòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe oòrùn tí ẹnikẹ́ni ń wọ kóòtù sí. Oṣù kìíní ni, gbogbo ìlú Goya ti ti fèrèsé pa, wọ́n ń sun oorun ọ̀sán, ajá pàápàá kò yọjú. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan yọ láti ọ̀nà èbúté, tòun ti kóòtù dúdú kan tó lè gba èèyàn méjì pẹ̀lú ẹrù wọn. Apá kóòtù bo ìka ọwọ́ rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ti yọ̀ wálẹ̀ dé ìdajì apá. Síbẹ̀ ó gbé orí sókè, ó ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

Èmi Casiano, tí mò ń tún aago ṣe ní òdìkejì pópó, níwájú ilé àwọn télọ̀ Sotelo, yọ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un wọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ràn àtojúbọ̀. Ohun tí mi ò fojú ara mi rí nínú ìtàn yìí, Itatí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Itatí Sotelo nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Don Hilario, bàbá rẹ̀, ń hanrun lẹ́yìn kọ́tìnì. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n ń rán, tọmọ tòbí: ọmọbìnrin ló ń rán kóòtù, bàbá ló ń rán ṣòkòtò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Itatí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Ẹnìkejì yín dà?"

"Ẹnìkejì wo?"

"Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú kóòtù yẹn."

Ọkùnrin náà wo ara rẹ̀, ó wo Itatí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó ní kí n máa lọ ná, òun ń ra yìnyín bọ̀."

Orúkọ rẹ̀ ni Fermín Ojeda. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe ní èbúté. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó wá ṣe bàbá ìsàmì fún ọmọ òun, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù, ó sì fẹ́ kí wọ́n bá òun gé apá kóòtù náà.

"Apá nìkan kọ́ ló ń ṣe é," ni Itatí wí. "Ṣe ló yẹ kí n tú u palẹ̀. Ẹ gbọ́wọ́ sókè."

Ó na téèpù yí àyà rẹ̀ ká. Ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle kan lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n wé ní àwéléwé. Ó sì rí i pé èémí ọkùnrin náà kò wọlé dé ibì kankan. Fermín yẹra lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó ti tó. Apá ni mo ní kẹ́ ẹ gé."

"Báńdéèjì ni, àbí? Èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó rọ́."

Fermín wò ó lójú. "Nígbà tí wọ́n bí mi, wọ́n ní obìnrin ni mí. Wọ́n ṣì í. Ìwé ìdánimọ̀ mi ti sọ òótọ́ báyìí: Fermín, ọkùnrin. Bẹ́ ò bá fẹ́ rán an, ẹ sọ fún mi, kí n máa lọ." Kò fi ẹ̀bẹ̀ sí i rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìjà sí i.

"Ta ló ní mi ò fẹ́ rán an? Ohun tí mò ń sọ ni pé báńdéèjì yẹn á ṣẹ́ yín légungun ìhà. Ẹ̀ ń mí bí ẹja tí wọ́n fà sórí ilẹ̀! Ẹ wọlé lọ tú u, kẹ́ ẹ tó dákú mọ́ mi lọ́wọ́, kí wọ́n máa sọ pé iye owó mi ló pa yín."

Ó rán síńgílẹ́ẹ̀tì kan fún un, tó fi aṣọ líle sí iwájú, tó fi èyí tó ń nà sí ẹ̀yìn, tó ń di àyà mú láìdí èémí. Kó tó gbé e fún un, ó gba ìlérí lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò ní wọ̀ ọ́ kọjá wákàtí mẹ́jọ, pé kò ní fi sùn láé, pé bó bá ń gbé ẹ́ńjìnnì, yóò bọ́ ọ sílẹ̀.

Kóòtù náà ló wá di iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Fermín wá wọ̀ ọ́ wò, ẹ̀kọ́ sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan.

"Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀," ni Itatí wí, pín-ìnnì mẹ́ta há sí i lẹ́nu. "Ẹ̀ ń wọ aṣọ ńláńlá káwọn èèyàn má bàa rí ara yín. Ṣùgbọ́n aṣọ tó tóbi jù, ṣe ló ń sọ ọkùnrin di ọmọ tó jí aṣọ bàbá ẹ̀ wọ̀. Ibi tí wọ́n ti rán apá mọ́ ara kóòtù, orí egungun èjìká gan-an ló gbọ́dọ̀ jókòó sí."

Ó ní kó máa wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó nípọn díẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, kó má tì í bọ ṣòkòtò nígbà tí kì í bá ṣe ọjọ́ ayẹyẹ. Ó ní kí ṣòkòtò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ gbọọrọ láti ìbàdí, kí bẹ́líìtì wá sísàlẹ̀ díẹ̀. Ó rán an sí onígbàjámọ̀ pé kó gé irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ní ìlà tó tẹ́jú, kó má gé e ṣóńṣó. Ní ti ohùn, abẹ́rẹ́ tí dókítà ń fún un ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn. Itatí kàn ní kó má fipá fà á sílẹ̀, kó máa rọra sọ̀rọ̀ láti inú àyà.

Ọjọ́ kan ni Fermín wọlé, tó ya ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó ń ju èjìká síbí sọ́hùn-ún.

"Ṣé màlúù ló ta yín nípàá ni?"

"Ìrìn ọkùnrin ni."

"Ìrìn ọkùnrin wo? Ẹ wo bàbá mi, ó ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún, kò sì sẹ́ni tó bi í rí bóyá ọkùnrin ni. Ẹ rìn bẹ́ ẹ ṣe ń rìn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Ìrìn yẹn ló wù mí."

Ọ̀rọ̀ náà jáde tán kó tó mọ ohun tó sọ. Ó yára tẹ orí ba, ó ń wá pín-ìnnì tí kò sọnù.

Ọjọ́ ìsàmì, èmi náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àlùfáà pe bàbá ìsàmì, Fermín jáde. Ẹ̀yin ará, kóòtù náà gbé e! Ó gba ọmọ náà mọ́ra, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a lẹ́yìn, àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sì rí i pé kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wí mọ́. Itatí wà lẹ́yìn, ó ń wo èjìká kóòtù. Ìgbà tó yá, kì í ṣe kóòtù ló ń wò mọ́.

Láti ọjọ́ kejì ni Fermín ti ń wá lọ́sọ̀ọ̀sán, pẹ̀lú tereré, omi ewé tútù, nínú ife kan tí wọ́n jọ ń fà pẹ̀lú ọ̀pá irin kan, àti chipá gbígbóná, búrẹ́dì oníwàràkàṣì, nínú ìwé.

"Kí ló tún ṣe kóòtù yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó rán an ni mo wá wò. Má pè mí ní ẹ̀yin mọ́, Itatí. Fermín ni mí."

"Fermín," ni Itatí wí, ó tún un wí. "Fermín mi. Fún mi ní chipá, ìwọ olójúkòkòrò."

Kí ooru tó rọlẹ̀, wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn débi pé aago mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lóòjọ́. Fermín ló wọ inú ilé lọ fúnra rẹ̀, ó dúró níwájú Don Hilario, ó ní òun fẹ́ fi Itatí ṣaya.

Don Hilario fi àlùmọ́gàjí lélẹ̀. "Itatí ò dá ẹ mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ẹ́ láti kékeré, nígbà tí wọ́n ń pè ẹ́ ní ọmọbìnrin. Èmi ni mo rán aṣọ funfun tó o kọ́kọ́ wọ̀ lọ síléèwé. Mi ò bá ẹ jà. Àmọ́ ṣòkòtò ọkọ ìyàwó, mi ò ní rán an fún ẹ."

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kò sí ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ọmọ télọ̀, aṣọ tí àna rẹ̀ rán ló ń wọ̀ lọ. Bí àna bá kọ̀ láti rán an, ó ti kọ ọkọ náà nìyẹn.

Itatí sunkún títí, lẹ́yìn náà inú bí i. "Ká lọ sí Rosario. Àwọn télọ̀ ò tán láyé."

"Olólùfẹ́ mi, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi sá pamọ́ fún gbogbo ayé," ni Fermín dáhùn. "Mi ò tún ní sá mọ́, pàápàá nítorí ìwọ. Ẹnu ọ̀nà bàbá ẹ ni n ó ti mú ẹ jáde, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú aṣọ tí bàbá ẹ rán lọ́rùn mi. Mo lè dúró."

"Bí kò bá rán an láéláé ńkọ́?"

Fermín di ọwọ́ rẹ̀ mú, inú àwọn méjèèjì sì bà jẹ́ gan-an.

Ṣùgbọ́n àwọn tó rí kóòtù ní ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ ròyìn rẹ̀. Àwọn ọkùnrin bíi Fermín bẹ̀rẹ̀ sí wá: Benicio, oníbúrẹ́dì láti Reconquista ní òdìkejì odò, àti tíṣà kan láti Bella Vista. Ọ̀sán Sátidé ni Itatí fi sílẹ̀ fún wọn. Fermín a máa fi ohun tó ti kọ́ hàn wọ́n, Don Hilario a sì máa wà lẹ́yìn kọ́tìnì, bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní Sátidé kan, Itatí lọ ra aṣọ inú kóòtù. Benicio dúró níwájú jígí, ìdí rẹ̀ tóbi díẹ̀, ìyẹn sì ń bà á nínú jẹ́.

"Èjìká ni ọkùnrin," ni Fermín wí, bí ọ̀jọ̀gbọ́n. "Ká fi pádì méjì-méjì sí i. Ká sì jẹ́ kí kóòtù gùn dé itan, kó bo ìdí."

Wọ́n gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn kọ́tìnì.

"Ká tiẹ̀ fi pádì mẹ́ta sí i," ni Fermín tún wí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, télọ̀ kì í sì í wà nílé kí èjìká kóòtù wọ́. Kọ́tìnì ṣí gbàà, Don Hilario jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì àti sílípáàsì.

"Yọ ìranù yẹn kúrò! Ṣé o fẹ́ sọ ọmọ ọlọ́mọ di kọ́bọ́ọ̀dù ni? Pádì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo! Kí kóòtù bo ìdí tán, kó dúró síbẹ̀. Má fún un ní ìbàdí, jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ tààrà láti abẹ́ apá. Bọ́tìnì òkè nìkan ni wàá dè. Ojú èèyàn á lọ sókè, kò ní ráyè wá ìdí ẹnikẹ́ni!"

Bó ṣe ń bú wọn ló ń fi pín-ìnnì mú aṣọ. Nígbà tó ṣe tán, ó yí Benicio sí jígí. Benicio wo ara rẹ̀ pẹ́.

"Èmi nìyí," ló wí. Ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ẹ ṣé, bàbá. Bàbá tèmi ò tíì wò mí lójú láti ọdún méje."

Don Hilario yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, kò sì sí ìdọ̀tí kankan lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sùn lọ́sàn-án Sátidé mọ́. "Ìwọ yìí, mú ṣọ́ọ̀kì wá! Ìwọ yìí, tan áyọ́ọ̀nù!" Bó ṣe ń pe Fermín nìyẹn, Fermín a sì sáré ṣe é. Ní Sátidé karùn-ún, àwọn tó kù ti lọ, Itatí ń gbálẹ̀. Bàbá náà jókòó sórí àga, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń ránṣọ," ló wí. "Mo rán fún abuké, ó jáde bí ọ̀gágun. Mo rán fún ọkùnrin kúkúrú, ìyàwó ẹ̀ gbójú sókè wò ó. Mi ò bi ọ̀kankan nínú wọn rí pé ta ló fún un láṣẹ láti jẹ́ ọkùnrin. Ìwọ nìkan ni mo bi. Mo ṣìṣe, Fermín. Gorí àpótí, kí n wọ̀n ẹ́."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Itatí. Fermín gorí àpótí. Don Hilario wọn ìbàdí rẹ̀, ó wọn ìdí, ó wọn ẹsẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dáwọ́ dúró.

"Itatí," ló wí. "Bọ́ síta."

Ìbéèrè kan wà tí télọ̀ ń bi ọkùnrin, tí kò gbọ́dọ̀ bi í lójú obìnrin: apá ibo ló máa ń gbé nǹkan ọkùnrin rẹ̀ sí, ọ̀tún ni àbí òsì, kí wọ́n lè fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún un nínú ṣòkòtò. Fermín ní tirẹ̀, bó ṣe ní in kò kan èmi àti ẹ̀yin. Láti ìgbà tí Itatí ti wà lọ́mọdé, bí bàbá rẹ̀ bá ti dé ibi ìbéèrè yìí, ì báà jẹ́ adájọ́ ló wà lórí àpótí, ì báà jẹ́ apẹja, ṣe ló máa ń ní kó bọ́ síta. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí nítorí ẹni tí kò kà sí ọkùnrin.

Itatí já pópó kọjá wá bá mi láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé, ọmọ mi? Ṣé wọ́n tún ti ń jà ni?"

"Don Casiano, wọ́n lé mi síta! Bàbá mi lé mi síta!"

Mi ò béèrè ìdí. Èmi náà ti dúró lórí àpótí yẹn nígbà kan. Mo fa àga fún un, a jọ ń tẹ́tí sílẹ̀. Láti fèrèsé ilé Sotelo ni a ti gbọ́ ohùn Fermín, tó dáhùn láti inú àyà, ketekete:

"Òsì ni, bàbá."

Oṣù kẹwàá ni wọ́n ṣègbéyàwó, lọ́sàn-án gangan, ṣòkòtò náà sì bá a mu.