Orúkọ Tó Wà Lára Asẹ́ Bàbá

Onímú fi etí aṣọ bo imú. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí láti kékeré ni òórùn tí ẹlòmíì ò gbọ́ rárá ti máa ń rú u nínú. Iyàrá ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ yìí sì ni ọ̀gá gbogbo òórùn. Kídìnrín bàbá rẹ̀ ti kọṣẹ́. Ẹ̀rọ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ wọn jáde, tó ń mú un gba inú asẹ́ kan tó rí gbọọrọ bí ìgò kọjá, kó tó dá a padà sí wọn lára. Oògùn kíkan tí wọ́n fi ń fọ asẹ́ náà ń ta sí ènìyàn nímú. Èyí tó burú jù ni èémí bàbá fúnra wọn, tó ń rùn bí ìtọ̀ àná. Ó ń kó ọmọ náà nírìíra, ojú sì ń tì í pé bàbá òun lòun ń kórìíra òórùn wọn.

Asẹ́ kì í ṣe àjùmọ̀lò níbẹ̀. Wọ́n máa ń fọ̀ ọ́ kí ẹni tó ni ín tún lò ó ni. Nítorí náà, kí wọ́n tó so ó mọ́ ẹnikẹ́ni, nọ́ọ̀sì á ka orúkọ tó wà lára asẹ́ náà sókè, ará ilé aláìsàn á sì tún un kà. Ojú bàbá ti di bàìbàì, ìdí nìyẹn tí Onímú fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń bá àwọn tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lórí máàpù ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà jíjìn, ń ṣọ́ Onímú náà lórí máàpù, nípasẹ̀ fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Fóònù máa ń purọ́ nígbà míì," ẹ̀gbọ́n ti sọ fún un rí. "Á ní ọkọ̀ fò sórí òrùlé! Ṣùgbọ́n àwa náà ní asẹ́ tiwa nínú kọ̀ǹpútà, òun ló ń yọ irú irọ́ bẹ́ẹ̀ dànù. Èyí tó bá ṣẹ́kù, òótọ́ ni."

Lọ́jọ́ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tíńtín pè é. "Gbogbo wa ti pé sílé wa o. Ìwọ nìkan ló kù."

"Ẹ̀gbọ́n mi á rí i pé mo kúrò."

"Ṣé ìwọ ló ń rí ni, àbí fóònù ẹ? Jù ú sínú báàgì bàbá yín, kó o máa bọ̀ jàre. Báàgì ò kúkú lẹ́nu."

Onímú wo bàbá rẹ̀. Wọ́n ti sùn lọ, itọ́ sì ń ṣàn létí ẹnu wọn. Ó yíjú kúrò. Nọ́ọ̀sì kò tíì gbé asẹ́ dé. Ó ti fóònù bọ báàgì, ó sì yọ́ jáde.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, ó wá ọmọ náà títí. Ó pe ẹ̀gbọ́n. "Àbúrò yín dà? A fẹ́ so bàbá mọ́ ẹ̀rọ."

Ẹ̀gbọ́n wo máàpù. Àmì àbúrò rẹ̀ wà lórí ilé ìwòsàn digbí. "Ó wà níbẹ̀, mà. Mo ń rí i báyìí. Bóyá ó lọ tọ̀ ni."

Aláìsàn pọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ń pe nọ́ọ̀sì lọ́tùn-ún lósì. Ó rò pé ọmọ náà ti bá ẹlẹgbẹ́ òun ka orúkọ. Ó so asẹ́ mọ́ bàbá. Asẹ́ ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ wọn ni.

Ìgbà tí wọ́n wá asẹ́ ọkùnrin yẹn tì ni àṣírí tú. Nígbà tí Onímú fi máa padà, bàbá ń gbọ̀n rìrì, èébì ti bo àyà wọn, ó sì ti kán sílẹ̀. Rọ́bà ẹ̀rọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ wọn wà nínú garawa ìdọ̀tí. Kò ṣeé dá padà sí wọn lára mọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì kì í tán pátápátá nínú asẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "A ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wò fún oṣù mélòó kan, bóyá àrùn kan ti ràn wọ́n. Mo jẹ̀bi, ó yẹ kí n ti kà á fúnra mi. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà?"

Fóònù dún nínú báàgì. Ẹ̀gbọ́n ni.

"Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé mò ń rí ẹ," ni ó wí. "Asẹ́ wa ń yọ irọ́ fóònù. Ta ni yóò yọ tìrẹ?"

Lọ́fínńdà tí Tíńtín fín sí Onímú lára ń ta sánsán láàárín òórùn èébì bàbá rẹ̀, òórùn dídùn yẹn ló sì wá rú u nínú jù. Ara rẹ̀ gan-an ló ń kó o nírìíra. Ó gba àkísà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó kúnlẹ̀, ó sì ń nu ilẹ̀.

Ara bàbá balẹ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò fi àrùn kankan hàn, ṣùgbọ́n òmíràn ṣì ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n tún padà lọ fọ ẹ̀jẹ̀, nọ́ọ̀sì ka orúkọ, Onímú gba asẹ́, ó sì tún un kà sókè.

"Onímú," bàbá wí, "ṣé kò rùn mọ́ ni, tí o ò bo imú?"

"Ó ń rùn, bàbá mi. Ọwọ́ tí mo fi ń bo imú ni mo fi di asẹ́ yín mú."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ẹ bá tan jẹ nípa ibi tí ẹ wà lè gbé ẹ̀mí ẹlòmíì lé irọ́ yín lórí. Ibi tí wọ́n bá fi yín sí, ẹ wà níbẹ̀ tọkàntara, bó ti wù kó rùn tó.