Ibi Tí Òòfà Kò Ti Mú

"Káfíńtà, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ rà ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó?" ẹni tó ń ta pikọ́ọ̀pù àtijọ́ náà béèrè.

Káfíńtà ń fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára jẹ́jẹ́. Irú rẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń wà nígbà kan. "Ẹ má rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ni mo fi ń ríran báyìí."

Ojú rẹ̀ ń ṣú lọ. Owó tó tọ́jú fún iṣẹ́ abẹ ojú náà ló fẹ́ fi ra ọkọ̀ yìí, kó lè máa fi kó àga fún oníbàárà, kí owó náà sì padà kí ojú tó fọ́ tán.

"Ẹ́ńjìnnì dára. Ó ku egungun ẹ̀yìn rẹ̀, irin gígùn tó gbé e ró lábẹ́." Ó na òòfà sí ọmọbìnrin rẹ̀. "Ojú mi, wọ abẹ́ ọkọ̀. Ibi tí òòfà kò bá ti mú, pọ́tì, ẹ̀rọ̀fọ̀ tí wọ́n ń fi bo ihò ara ọkọ̀, ni wọ́n fi dí ibẹ̀. Irin ti jẹrà nìyẹn."

Ọmọkùnrin ọlọ́kọ̀ bá a wọ abẹ́ ọkọ̀ láti tanná fún un. Òórùn ọṣẹ ara rẹ̀ borí òórùn epo. Ní àárín gbùngbùn, òòfà já bọ́.

Ọmọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Arẹwà, jọ̀ọ́. Bí ọkọ̀ yìí ò bá tà, a máa kó kúrò nílùú. Ṣé o ò fẹ́ máa rí mi ni?"

Kò sẹ́ni tó pe ọmọbìnrin náà ní arẹwà rí. Ọkàn rẹ̀ fò bí ẹyẹ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn àgò fún.

"Ojú mi, ó mú?"

"Ó mú, Bàámi."

Káfíńtà sanwó ọkọ̀. Ẹrù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kó, ọkọ̀ ṣẹ́ sí méjì lórí òkè bí ìrèké. Àga oníbàárà fọ́ yángá. Mẹkáníìkì wò ó, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin náà fi ẹkún sáré dé ilé ọlọ́kọ̀. Ọmọkùnrin náà jókòó ti ọmọbìnrin mìíràn.

"Ta nìyẹn?" ìyẹn béèrè.

"Ọmọ oníbàárà bàbá mi." Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ ló ń tù ú nínú. "Má sunkún. Òòfà ló tàn wá jẹ, kì í ṣe ìwọ." Ọmọbìnrin náà fẹ́ jẹ́wọ́, ẹnu rẹ̀ kọ̀.

Oṣù ń gorí oṣù. Lọ́jọ́ kan, bàbá dá ayùn dúró. "Ojú mi, ṣé ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Oòrùn ọ̀sán ń ràn lójú fèrèsé.

"Ó ti ṣú, Bàámi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí a bá fi ṣe ojú kò gbọdọ̀ dijú. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ dídùn kì í pẹ́ gbàgbé ẹni tó gbọ́ ọ; irọ́ tí a bá pa fún ẹni tó fọkàn tán wa ni kì í lọ.