Máàkì Mẹ́rin fún Òkè-Ọdẹ

Ṣììììì. Bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé ẹlòmíràn ni rédíò inú ọkọ̀ iṣẹ́ máa ń hó láyé ọjọ́un. Olúṣẹ̀yẹ ti darúgbó sí ìlú òyìnbó, etí ọ̀tún rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ariwo yẹn kò kúrò nínú rẹ̀. Inú ariwo náà ni ohùn Suwebat ti kọ́kọ́ jáde sí i, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lẹ́bàá ọ̀nà Òmùpo.

"Ọkọ̀ Kẹta, Ọkọ̀ Kẹta, níbo lẹ wà?"

"Òmùpo ni mo wà. Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Ariwo ni mò ń gbọ́. Bóyá ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín pa Olúṣẹ̀yẹ. "Máàkì mélòó lẹ fún mi?"

"Méjì."

"Méjì péré! Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Ẹ sún síwájú díẹ̀, kí ẹ tún pè. A kì í fi ojú rere gba máàkì níbí o."

Owó epo ṣì ń ṣàn nígbà náà. Àjọ ìlera ìgbèríko tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ ní ọkọ̀ Láńdíróbà mẹ́fà tó ń gbé oògùn àti abẹ́rẹ́ kiri ìletò Ìgbómìnà, rédíò sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀mù-Àrán ni Suwebat jókòó sí, nídìí rédíò àgbà, pẹ̀lú káàdì níwájú rẹ̀. Ìlú tí ọkọ̀ bá dé, ẹni tó ń wà á gbọ́dọ̀ dúró kó pè. Suwebat yóò kọ orúkọ ìlú, aago, àti máàkì bó ṣe gbọ́ ọ sí: márùn-ún bó bá dà bí ẹni tó jókòó tì í, òdo bí kò bá gbọ́ ohunkóhun. Yóò sì fọwọ́ sí i.

Tí oṣù bá parí, àwọn káàdì náà a lọ sí Kàdúná. Kọ̀ǹpútà kan tó tóbi tó yàrá wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ ètò kan sínú rẹ̀ tí yóò ka àwọn máàkì náà, tí yóò sì ya máàpù: àwọ̀ ewé níbi tí rédíò ti ń gbọ́, pupa níbi tó ti kú. Máàpù yẹn ni àwọn ọ̀gá yóò wò kí wọ́n tó mọ ibi tí wọn yóò ri òpó rédíò tuntun sí. Bí àyè kan bá ṣófo lórí káàdì, ọ̀rọ̀ ti di pé òṣìṣẹ́ kò lọ síbi tí wọ́n rán an nìyẹn.

Odindi oṣù kan ni Olúṣẹ̀yẹ fi ń bá ohùn yẹn sọ̀rọ̀ kó tó rí ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ tó wọ ọ́fíìsì, ọ̀dọ́bìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wé ìborí funfun ló gbójú sókè wò ó.

"Ṣé ẹ̀yin ni Ọkọ̀ Kẹta? Mo rò pé ẹ ga ni."

"Èmi náà rò pé o sanra ni. Ohùn rẹ wúwo."

"Ẹ jókòó kí n fún yín lómi. Ẹ wá ti di márùn-ún lónìí."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ ti wọra tán, Suwebat kò yéé pè é ní Ọkọ̀ Kẹta. Olúṣẹ̀yẹ náà a pè é ní Ayọ̀ mi. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ọ̀nà ò bá gbé e gba Ọ̀mù-Àrán, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀.

Ilé ni ìjà wà. Jòhánù, bàbá Olúṣẹ̀yẹ, olùkọ́ ilé ìwé mísọ̀n ni ní Èsìẹ́. Alhaji Salaudeen, bàbá Suwebat, oníṣòwò obì ni, ó sì ti búra pé òun kò ní fi ọmọ fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó tú ìbúra náà ni Hàjàrá, ẹ̀gbọ́n Suwebat, tíṣà tó wà nílé ọkọ ní Òkè-Ọdẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń wọkọ̀ wálé wá bẹ bàbá wọn.

"Bàbá, ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn ni. Ẹ jẹ́ á kọ́kọ́ rí wọn ná."

Alhaji mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kí wọ́n wá ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pẹ́, kí wọ́n má wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Òjò fi gbogbo òru mọ́jú Ọjọ́bọ̀ náà rọ̀. Òkè-Ọdẹ nìkan ló kù lórí káàdì Ọkọ̀ Kẹta, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sì ni àwọn káàdì ń lọ sí Kàdúná. Olúṣẹ̀yẹ kọjá Òmùpo, ẹrẹ̀ gbà á dé orí táyà. Níwájú rẹ̀, lọ́rì agbégẹdú kan ti dábùú ọ̀nà, àwọn èèyàn ń fi ṣọ́bìrì wa ẹrẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀. Ó wo aago: ó ti kọjá agogo kan. Bó bá dúró dè wọ́n, kò lè padà dé Ọ̀mù-Àrán kí wọ́n tó kírun Alásàrí. Bàbá rẹ̀ ti wọ agbádá, ó ń dúró dè é.

Ó yí ọkọ̀ padà. Nígbà tó dé Òrò, ó gbé rédíò.

"Suwebat, mi ò lè dé Òkè-Ọdẹ lónìí."

"Ẹ jẹ́ n fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Àyè òfo kẹta mi lọ́dún yìí nìyẹn o. Wọ́n á lé mi níṣẹ́. Kọ mẹ́rin."

"Mẹ́rin? Ta ló gbọ́ yín?"

"Orí òkè ni ìlú yẹn wà, ta ni kò mọ̀? Rédíò kì í kú lórí òkè."

"Ọkọ̀ Kẹta, mi ò lè kọ ohun tí mi ò gbọ́."

"Ayọ̀ mi, bàbá rẹ ń retí wa. Nítorí Alhaji, kọ ọ́."

Ṣììììì.

"Mo ti kọ ọ́," ni Suwebat wí. "Ẹ rọra wakọ̀."

Ìjókòó ọjọ́ náà dùn. Alhaji ní, "Olùkọ́, mo gbọ́ pé ẹ máa ń na ọmọ ọlọ́mọ." Jòhánù dáhùn pé, "Alhaji, àwọn tí mo nà ló di dókítà. Àwọn tí mi ò nà ló ń wa lọ́rì kiri." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí ẹ̀yìn Iléyá ọdún tó ń bọ̀.

Kí Iléyá yẹn tó dé, ayé ti yí. Owó epo gbẹ. Èèyàn ń tò láti ra ọṣẹ àti ṣúgà. Àwọn olùkọ́ lo oṣù márùn-ún láìgbowó, ó di pé owó oṣù Olúṣẹ̀yẹ nìkan ló ń bọ́ ilé Jòhánù. Láńdíróbà mẹ́fà di méjì. Òpó rédíò kan ṣoṣo ló kù fún wọn láti rì. Wọ́n tẹ́ máàpù sílẹ̀, Òkè-Ọdẹ tutù yọ̀yọ̀ lórí rẹ̀ bí ewé tẹ̀tẹ̀. Wọ́n gbé òpó lọ síbòmíràn. Wọ́n fi rédíò kékeré kan sí ilé ìgbẹ̀bí Òkè-Ọdẹ, wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì máa fi pe ọkọ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò sí epo láti lọ dán an wò. Kọ̀ǹpútà ti ní ó ń gbọ́.

Olúṣẹ̀yẹ rí máàpù yẹn. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò sọ ọ́ tí wọ́n bá ti pín owó oṣù.

Ọdún kẹfà tí Hàjàrá ti wà nílé ọkọ ló tó lóyún. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń rọbí, ọmọ dábùú. Nọ́ọ̀sì gbé rédíò, ó pe Ọ̀mù-Àrán. Láti agogo méje títí di ọ̀sán ló ń pè. Àwọn àpáta tó wà láàárín kò jẹ́ kí ohùn kankan kọjá. Suwebat jókòó nídìí rédíò lọ́jọ́ náà, ó ń hun fìlà ọmọ tuntun, ariwo lásán ló ń gbọ́. Olúṣẹ̀yẹ wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, ó ń fọ ọkọ̀. Epo wà nínú rẹ̀.

Lọ́rì tó kó iṣu ló gbé Hàjàrá dé Ìlọrin nírọ̀lẹ́. Òun yè. Ọmọ kú, wọ́n sì ní kò ní lè bímọ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Dáníẹ́lì, ọ̀gá láti Ìlọrin, dé lọ́sẹ̀ kejì. Ó tẹ́ káàdì sórí tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ dúró yí i ká.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni, sà," ni Suwebat dáhùn.

"Ìwọ lo gbọ́ mẹ́rin láti Òkè-Ọdẹ?"

Suwebat gbójú sókè. Kò wo ọ̀gá. Olúṣẹ̀yẹ ló wò, kò sì yára gbé ojú kúrò.

Olúṣẹ̀yẹ rántí owó ilé ìwé Rhoda, àbúrò rẹ̀. Ó rántí bàbá rẹ̀ tó ń wọ agbádá lọ tọrọ gàrí láwìn. Ó wo bàtà ara rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà," ni Suwebat wí.

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Olúṣẹ̀yẹ bá a lọ́nà, kò sunkún.

"Ẹ má bẹ̀ mí. Èmi náà mọ ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe. Ṣùgbọ́n ní ilé wa, wọ́n ní mo jókòó sídìí iṣẹ́, mo ń kọ ohun tó wù mí, mo fi pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ wá sọ bó ṣe jẹ́ fún bàbá mi àti Hàjàrá. Ẹnu yín ni mo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu mi. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín láyé."

"Màá wá lọ́la."

"Ẹ máa bọ̀ o, Ọkọ̀ Kẹta."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló dé ẹnu ọ̀nà Alhaji. Nígbà kẹta, ó gbọ́ tí bàbá náà ń wúkọ́ nínú pálọ̀, ó gbé ọwọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ìtìjú ni, ìbẹ̀rù sì ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, Suwebat kó gbogbo ẹrù ìdána padà sí Èsìẹ́, kò fi ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́. Olúṣẹ̀yẹ ríṣẹ́ sí Èkó. Láti Èkó, ó sọdá òkun.

Ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ìyàwó náà sì ti dolóògbé. Ó tọ́ ọmọ, wọ́n ti lọ. Ó gbọ́ pé ọlọ́kọ̀ kan ní Òrò ló fẹ́ Suwebat, pé ó bí mẹ́ta. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti jiná. Irọ́ ni ó ń pa fún ara rẹ̀, ó sì mọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Rhoda pè é láti Èsìẹ́. Ibi ìsìnkú àgbà kan ní Ọ̀mù-Àrán ló ti dé.

"Bọ̀dá mi, mo rí Suwebat níbẹ̀. Ó gbé oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Hàjàrá ò fọwọ́ kàn án."

"Títí di òní?"

"Ẹ gbọ́ ná. Bàbá wọn kú, wọn ò jẹ́ kó dé ìdí ibojì. Obìnrin yẹn ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣì ń kúnlẹ̀. Mo ní, kí ló dé tí ò kàn ṣàlàyé ara rẹ̀? Wọ́n ní kì í sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ṣáà ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bọ̀dá mi. Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?"

Olúṣẹ̀yẹ ní, "Rhoda, bá mi wá nọ́ńbà."

"Ti Suwebat?"

"Rárá. Ti Hàjàrá."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́ sí i, tó ń pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ pọ̀ nínú èyí tó kọ́kọ́ kọ, ó yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ̀bẹ̀ wà nínú èkejì, ó yọ ìyẹn náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó fi èyí ránṣẹ́:

"Hàjàrá, èmi Olúṣẹ̀yẹ, ọmọ Olùkọ́ Jòhánù ti Èsìẹ́ ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ máàkì mẹ́rin fún Òkè-Ọdẹ, mi ò dé Òkè-Ọdẹ. Èmi ni mo ní kí Suwebat kọ ọ́. Ó kọ̀, mo fi orúkọ bàbá yín bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ọ̀gá bi í, mo dúró níbẹ̀, mo dákẹ́. Ó ní kí n wá fẹnu ara mi sọ fún yín, mo sá lọ. Ó ti ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ru ẹrù mi. Tí ẹ bá ka èyí tán, ẹ má dá mi lóhùn. Òun ni kí ẹ pè."