Bí Ti Àná

Akọ̀wé fa omi kànga kejìlá sókè, ó bu díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e sí oòrùn wò, ó sì fi imú sí ẹnu ìgò náà. Omi mọ́, kò rùn. Ó kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí bébà funfun, ó dúró títí ó fi gbẹ, kò rí àmì ọ̀rá kankan níbẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ, ó sì kọ ohun tó rí sí i. Lẹ́tà rẹ̀ gún régé débi pé láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti ń pè é ní Akọ̀wé. Àwọn kan nínú ilé ìwé wọn ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ rárá.

Ó ku kànga kan ṣoṣo. Ibi tó dúró sí náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sáré bá a pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Kíákíá ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí o bá rán an níṣẹ́, á ti padà dé kí o tó rántí ohun tí o rán an.

"Èsì ìdánwò ti jáde," ó ní. "Aago mẹ́jọ ni wọ́n gbé e síta. Fóònù mi ò lè ṣí i níbí. Àfi ká dé àgọ́ ilé-iṣẹ́."

 Ó ti tó oṣù méjì tí ìdánwò ìṣirò yẹn ti ń gba oorun lójú Akọ̀wé.

Ilé-iṣẹ́ tí Kíákíá ń wí yìí ló ń ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ gba àárín àdúgbò wọn lọ sí ilé ìwé wọn. Wọn kì í la kòtò láti òkè. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń lu ihò lábẹ́ ilẹ̀ bí òkété, ẹ̀rọ amúnáwá kan tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì ló sì ń gbé e ṣiṣẹ́. Kànga méjìlá ló wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wáyà náà ń gbà. Àwọn onílé ti kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní bí epo bá kán sílẹ̀, inú omi àwọn ló máa lọ. Àǹtí Akọ̀wé, àbúrò ìyá rẹ̀, ló fi oṣù méjì gbáko rìn láti ilé dé ilé, tó ń bẹ̀ wọ́n, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà ni láti rí i pé wọn ò ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ìlérí kan ló fi mú wọn gbà. Ní àràárọ̀, kí ẹ̀rọ tó ké, ẹnìkan á ti yẹ kànga kọ̀ọ̀kan wò, á sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ẹyọ kan bá yí padà, ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ ké. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, ó fa àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì wọnú iṣẹ́ náà: mẹ́fà àkọ́kọ́ fún Kíákíá, mẹ́fà tó kẹ́yìn fún Akọ̀wé. Ọjọ́ náà ló pé ogún ọjọ́.

Kẹsàn-án ló ṣẹ́kù. Ó dá wà níbi kọ́nà, ní ẹ̀yìn ilé Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àlọ, mẹ́wàá ni àbọ̀, ṣùgbọ́n ìrìn kọ́ ni wàhálà ibẹ̀. Ìyá náà fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Bí o bá kí i "ẹ káàárọ̀", ọ̀sán lo máa gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán.

"Kànga ò lẹ́sẹ̀," Kíákíá ní. "Kọ 'bí ti àná' síbẹ̀. Èmi náà ti kọ ọ́ rí, ọ̀run ò sì ya."

Akọ̀wé rántí ohun tí àǹtí rẹ̀ wí ní ọjọ́ méjì sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá wá sí orí òkè kọ́nà náà. Ó ní kẹsàn-án ni kí wọ́n ṣọ́ jù lọ báyìí. Ó rántí, kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n àná omi náà mọ́ kedere, èsì ìdánwò sì wà nílẹ̀ tó ń dúró. Ó gbé bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀ tó rẹwà, wọ́n sì kọrí sí àgọ́.

Àǹtí rẹ̀ gba ìwé náà, ó fi ojú sáré wo ìlà kọ̀ọ̀kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ó sì fọwọ́ sí i. Ó juwọ́ sí Ọ̀gá Ẹ̀rọ, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà, lórí òkè, ẹ̀rọ sì ké. Ní ẹ̀yìn àgọ́, Kíákíá tẹ nọ́ńbà ìdánwò Akọ̀wé sínú fóònù. Ó yege. Ó yege nínú gbogbo rẹ̀, títí kan ìṣirò. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n fò sókè, Akọ̀wé sì sunkún ayọ̀ díẹ̀.

Ayọ̀ náà ò tíì kúrò lójú rẹ̀ tí Ọ̀gá Ẹ̀rọ fi wọ àgọ́ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ó ní dísẹ́ẹ̀lì inú dúrọ́ọ̀mù ẹ̀rọ amúnáwá ń tán ju bó ṣe yẹ lọ. Láti àná ó ti lọ sílẹ̀ tó gígùn apá èèyàn kan, òun ò sì mọ ibi tó gbà. Àǹtí dìde. Kò bá a jiyàn, ìwé àárọ̀ ló kọ́kọ́ mú.

"Bó bá jẹ́ pé ó ń jò ni, kànga kẹsàn-án ló máa kọ́kọ́ dé," ó ní. Ó fi ìka tọ ìlà náà, ó sì mí kanlẹ̀. "Bí ti àná. A dúpẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń mu ún jù. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n bá dá iṣẹ́ dúró láti jẹun ọ̀sán."

Akọ̀wé gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àǹtí rẹ̀ ti padà jókòó, ó fọkàn balẹ̀ pátápátá lórí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí Akọ̀wé kọ láìrí nǹkan kan. Akọ̀wé rọra yọ jáde. Bó ṣe dé ojú ọ̀nà báyìí, ó ki eré mọ́lẹ̀, Kíákíá sì gbá tẹ̀ lé e.

Kò tíì dé ẹnu kànga tí òórùn fi pàdé rẹ̀. Ó ju korobá sísàlẹ̀, ó fà á sókè. Ọ̀rá tẹ́ sójú omi náà, ó ń dán pupa, ó ń dán búlúù. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kán sórí bébà mọ́.

Ó wọ ilé búrẹ́dì. Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò ti kún orí tábìlì gígùn, ìlà mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ pọ́n dáadáa. Aago méjìlá ni àwọn ọmọ tó ń gba ẹ̀kọ́ ìsinmi ní òdìkejì ọ̀nà máa ń jáde wá ra tiwọn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ta búrẹ́dì yìí," Akọ̀wé ní. "Epo wà nínú omi yín. Ṣé ẹ ò gbóòórùn rẹ̀ ni?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì wò ó tìyanu-tìyanu. Ó ní òun rí nǹkan tó ń dán lójú omi láàárọ̀, òun sì rò pé òróró tí òun fi ń pa agolo búrẹ́dì ló kán sí korobá. "Ní ti òórùn, ọmọ mi, ọdún kẹfà rèé tí àìsàn ti gba imú lọ́wọ́ mi. Bí ilé bá ń jó, ojú ni mo fi ń mọ̀. Mo sọ fún àǹtí ẹ kí n tó gbà kí wọ́n kọjá níbí. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ẹnìkan á máa wá bá mi gbóòórùn ẹ̀ láràárọ̀."

 Ẹni tí Akọ̀wé ń sá fún, ìyá tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí, òun gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ rán an níṣẹ́.

Kíákíá fà á létí aṣọ sẹ́yìn. "Sọ pé o wá láàárọ̀, pé ó mọ́ nígbà yẹn," ó sọ sí i létí. "Sọ pé ìsinsìnyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó o bá sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, wọ́n máa lé àǹtí ẹ níbi iṣẹ́."

Òótọ́ ni Kíákíá sọ lórí ìyẹn. Akọ̀wé sì fẹ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ náà pọ̀ débi pé ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀. Àmọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ń fọwọ́ nu fúláwà kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì ń mí bí ẹni tí ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Àárọ̀ kùtù ni mo pọn omi tí mo fi pò ó," ó ní. "Iwájú ààrò ni mo wà, mi ò rí ẹ nígbà tó o wá. Ṣé ó mọ́ nígbà tó o wò ó láàárọ̀? Bó bá mọ́ nígbà yẹn, kò sí ohun tó ṣe búrẹ́dì mi."

Ohùn àwọn ọmọdé ti ń bọ̀ láti òdìkejì ọ̀nà. Akọ̀wé wo tábìlì, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó lọ dúró síwájú búrẹ́dì náà.

"Mi ò wá láàárọ̀, mà. Irọ́ ni mo kọ."

 Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó sì dúró síbẹ̀ títí àwọn ọmọ náà fi kànkùn, tí wọ́n kùn, tí wọ́n sì lọ. Lẹ́yìn náà ló ní búrẹ́dì mẹ́fà tó kọ́kọ́ jáde nínú ààrò ti lọ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ló rà á. Akọ̀wé gba fóònù lọ́wọ́ Kíákíá, ó pe àǹtí rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́.

Ẹ̀rọ dákẹ́ kí ó tó pa fóònù. Wọ́n rí i pé wọn ò dé ẹnu dúrọ́ọ̀mù dáadáa, àti pé ẹnìkan ti gbé ọpọ́n onírin tó yẹ kó gba epo lábẹ́ rẹ̀ lọ po sìmẹ́ńtì. Wọ́n gba búrẹ́dì márùn-ún padà. Awakọ̀ kan ti jẹ ẹ̀kẹfà. Ó ní ó ń rùn, àmọ́ ọwọ́ òun tó kún fún epo ọkọ̀ lòun rò pé ó ń rùn. Ó bì títí, ọjọ́ méjì ló lò ní ilé ìwòsàn kó tó lè jókòó.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn onílé pé síwájú àgọ́. Wọ́n ti fún Àǹtí ní ìwé pé kó lọ jókòó sílé, ṣùgbọ́n ó wá. Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ló ń ṣe agbẹnusọ fún wọn. Ó béèrè ìwé ogún ọjọ́, ó gbé e lé orí itan, ó sì pe Akọ̀wé.

"Èyí ńkọ́? Ṣé o lọ?"

"Mo lọ, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Mo lọ, sà."

Òótọ́ ni. Gbogbo rẹ̀ ló lọ, nínú òjò, nínú oòrùn. Bàbá Tíṣà ṣí ìwé mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó yọ awò ojú rẹ̀. Kò bínú, ó dà bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò.

"Kànga mẹ́fà, ogún ọjọ́, ọgọ́fà ìlà nìyẹn. O ní mọ́kàndínlọ́gọ́fà jẹ́ òótọ́. Mo fẹ́ gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Fi ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí ti àná hàn mí."

Akọ̀wé wo ìwé náà. Lẹ́tà kan náà ni, bírò kan náà, ọwọ́ kan náà. Ti irọ́ yẹn tilẹ̀ rẹwà ju àwọn yòókù lọ, nítorí kò sí omi tó ta sí i. 

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Kíákíá ti sọ̀rọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ìgbésí ayé rẹ̀ ó rọra sọ ọ́. Ó ní òun náà kọ 'bí ti àná' lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bi í pé kànga wo.

"Kẹrin, sà," ó ní. "Tiyín ni."

Bàbá Tíṣà ká ìwé náà, ó fà á lé Àǹtí lọ́wọ́. Àwọn onílé ní kí wáyà dúró síbi tó dé, títí wọn yóò fi rí ẹni tí àwọn fúnra wọn fọkàn tán. Ilé ìwé wọlé láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi pákó bo kànga kẹsàn-án, Ìyá Oníbúrẹ́dì sì ń san owó omi fún ọlọ́kọ̀ omi, búrẹ́dì rẹ̀ kò sì tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní gbogbo àárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìwé, Akọ̀wé ń lọ bá a gbóòórùn omi tí ọlọ́kọ̀ bá gbé wá. Kò sẹ́ni tó rán an, kò sì kọ ọ́ síbì kankan.

Nígbà tó lọ kúnlẹ̀ bẹ àǹtí rẹ̀, ìyẹn gbé e dìde. "Mi ò bínú pé o fẹ́ mọ èsì ìdánwò ẹ," ó ní. "Ká ní o sọ fún mi pé o ò ì lọ, ogún ìṣẹ́jú péré la ò bá fi dúró. Ẹni tá a bá ní kó bá wa wo nǹkan, ojú wa ló gbà lọ́wọ́ wa. Ojú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni mo gbà, ìwọ ni mo sì fún."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ tó dà bíi pé kò tó nǹkan ni ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rọ̀ mọ́. Ohun tí ẹ ò bá rí, ẹ má kọ pé ẹ rí i. Irọ́ kan péré ni Akọ̀wé pa, òótọ́ mọ́kàndínlọ́gọ́fà ló sì bá a kú.