Oògùn Tí Kò Tíì Tán

Ẹ má fi ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ mí wọn ọ̀rọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú lè máa gbọ́ ohun tí kò sí. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni èyí ṣẹlẹ̀, nínú ilé tí oòrùn wọ̀, ojú mi sì dá. Bó ṣe rí ni mo ṣe kọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yóò sọ. Ilé iṣẹ́ wa ṣe ẹ̀rọ kan tí èèyàn lè fi fóònù pè, kó sì bá a sọ̀rọ̀ nípa àwọn oògùn apakòkòrò àrùn: ìgbà tó yẹ ká lò wọ́n, ìgbà tí kò yẹ, ìdí tí a kì í fi í pín wọn fún ará ilé. A fẹ́ kí afọ́jú lè lò ó, kí ẹni tí kò mọ̀wé náà lè lò ó. Nítorí náà, kò sí ohun tí wọ́n máa kà. Ohùn nìkan ni. Bí ohùn náà bá sọ̀rọ̀ tán, á ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún mi." Lẹ́yìn náà, á dákẹ́. Ẹni tó pè á tún un sọ lọ́rọ̀ ara rẹ̀, ká lè mọ̀ pé ó yé e. Èmi ni mo dábàá ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo mọ bó ṣe gùn tó.

Àbúrò mi ló ni ohùn náà. Nọ́ọ̀sì ni. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í kánjú. Inú yàrá kékeré tí a fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀ ló ti ń ka ohun tí mo kọ, tó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"'Oògùn tí dókítà kọ fún yín, ẹ lò ó tán, kódà bí ara bá ti yá.' Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í jẹun tán."

"Kà á bó ṣe wà."

"Ó dáa, ọ̀gá onílò-ó-tán."

Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré kan fún un. Ojú ọgbẹ́ náà kẹ̀. Wọ́n fún un ní kápúsù kó máa lò ó nílé. Kò ràn án. Wọ́n dá a padà sí ilé ìwòsàn, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Bí ẹni ń da omi sórí àpáta. Dókítà ní kòkòrò náà ti bá àwọn oògùn yẹn jà rí, lára àwọn tó ń lò wọ́n bó ṣe wù wọ́n, ó sì ti kọ́gbọ́n. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ aráyé bí a ṣe ń lo oògùn, ìlòkulò aráyé ló pa á. Mi ò rí ẹni tí n ó bá jà.

Ìyá wa kò ríran mọ́, ó ti pẹ́. Òun la kọ́kọ́ fi dán ẹ̀rọ náà wò. Lẹ́yìn ìsìnkú, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, á ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, á gbé fóònù sétí. Mo fi í sílẹ̀. Ta ni yóò já ohùn ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá?

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ó ń bì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kídìnrín rẹ̀ ti dé etí bèbè.

"Kí ni Màmá ń lò?"

"Wọn ò lo nǹkan kan."

"Wọ́n ń lo nǹkan."

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Fáànù ti dúró. Mi ò gbọ́ ohùn kankan látinú fóònù. Ìyá mi nìkan ni mo gbọ́.

"Mo gbọ́. O ní kò tíì tán. Ó dáa, ọmọ mi."

Mo ṣílẹ̀kùn. Kápúsù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, pupa àti yẹ́lò. Páálí rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Màámi, ta ló ni èyí?"

"Àbúrò rẹ."

"Kí lẹ wá ń fi ṣe?"

"Ó ní ká lò ó tán. Òun alára ò lò ó tán kó tó lọ." Ó wá ife omi kiri lórí tábìlì. "Mò ń bá a lò ó tán ni."

"A kì í bá òkú lo oògùn, Màámi."

"Ìwọ lo kọ ọ́. Àbí ìwọ kọ́?"

Mo gba kápúsù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo pe dókítà, ó ní ìyá mi kò gbọdọ̀ tún fi ẹyọ kan kan ahọ́n, tí a kò bá fẹ́ tún ilẹ̀ gbẹ́.

Mo kó páálí náà lọ fún apoògùn kó bá wa bà á jẹ́.

"Gbogbo ẹ̀ rèé?"

"Gbogbo ẹ̀ ni."

Ṣùgbọ́n mo ti mú ẹyọ kan sínú àpò àyà mi. Ọwọ́ àbúrò mi ló kàn án kẹ́yìn kó tó di tìyá wa. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láti ibẹ̀, mo lọ bá ẹnjiníà wa. Wáyà là ń pè é, nítorí kò sígbà tí kì í jẹ orí wáyà lẹ́nu.

"Wáyà, jọ̀ọ́, yọ ohùn àbúrò mi kúrò."

"Ohùn wo? A ti yọ ọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. A ní kò yẹ kó o máa gbọ́ ọ. Obìnrin mìíràn ló ń sọ ọ́."

"Ìyá mi ń pè é lójoojúmọ́."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Ó yọ wáyà kúrò lẹ́nu.

"Nọ́ńbà Màmá ò pè wá rí látìgbà tẹ́ ẹ ti sìnkú."

"Ta ni wọ́n wá ń bá sọ̀rọ̀?"

"Máa lọ sílé," ló wí. Kò wojú mi.

Mo délé, mo yọ bátìrì fóònù ìyá mi. Ó gbọ́ bí ẹ̀yìn fóònù náà ṣe dún nígbà tí mo ṣí i.

"Ṣe bó o ṣe fẹ́," ló wí.

Lónìí, lọ́sàn-án, mo tún dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ìyá mi jókòó ti tábìlì. Fóònù náà wà níwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo. Ó tẹ́tí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà, ilé pa rọ́rọ́. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo mọ bó ṣe gùn tó.

"Mo gbọ́," ni ìyá mi wí. "O ní ó ku ẹyọ kan. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi í pamọ́, pé ó wà lápò àyà."

Ó yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. Mi ò tíì mira. Ó na ọwọ́, ó la àtẹ́lẹwọ́.

"Mú un wá, ọmọ mi. Ẹyọ kan péré. Jẹ́ kí àbúrò rẹ sinmi."

Mi ò lọ síwájú, mi ò padà sẹ́yìn. Ìyá mi kò ká ọwọ́ kò. Ìdákẹ́jẹ́ náà sì ti tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ló ń dúró dè.