Ọ̀já Tí Àpèkẹ́ Fi Di Ìdodo

"Ẹ kú oríire o, Ìyá Ọlájídé. Ẹ̀yin náà ò sọ fún wa."

Ìyàwó Pásítọ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún Àpèkẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bó ẹ̀gẹ́ ní Idogo. Ó rí i pé ikùn rẹ̀ yọ síwájú lábẹ́ ìró.

Àpèkẹ́ ò lóyún. Ìdodo rẹ̀ ló ń yọ síta láti ìgbà tó ti bí àbígbẹ̀yìn. Ó ń fi ọ̀já dì í, kí ọkọ rẹ̀ pàápàá má baà rí i. Ó yẹ kó sọ òótọ́, àmọ́ ojú tì í láàárín àwọn obìnrin.

"Ẹ ṣé, Mà," ló fi dáhùn.

Ẹnu obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ kì í sinmi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ ìsinmi, ìjọ ti ń gbàdúrà fún aláboyún, Àpèkẹ́ náà sì ń ṣe àmín. Micah, ọkọ rẹ̀, ń pọnmi fún un kó tó lọ sóko. Bó ṣe ń pọnmi yẹn ni ìtìjú ń pa obìnrin náà. Kò sì lè dé ilé ìwòsàn, torí wọ́n á mọ̀ pé irọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́, inú rírun mú un. Ìdodo le, kò wọlé mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì.

"Oyún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu," ni àwọn obìnrin ń wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Micah ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn ní Ìlaròó.

"Oyún oṣù mélòó ni?" Toheebat, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, béèrè.

"Oṣù mẹ́rin," Micah dáhùn.

Àpèkẹ́ wolẹ̀. "Kò sóyún, Bàbá Ọlájídé. Ìdodo mi ló yọ. Ojú ló ń tì mí."

Toheebat tú ọ̀já náà.

"Màmá, ìwọ́ ni okùn tó so ọmọ mọ́ ìyá nínú oyún. Ìdodo ni ojú àpá tó fi sílẹ̀, ibẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Oyún àti ẹrù wúwo lè mú kó là, kí ìfun máa gbabẹ̀ yọ. Ọ̀já ò lè wò ó. Ká ní ẹ ti tètè wá ni, à bá ti ṣètò iṣẹ́ abẹ fún yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ní báyìí, ìfun ti há. Bó bá pẹ́, á jẹrà, ó sì lè gbẹ̀mí yín."

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà. Ọlọ́run yọ ọ́.

Nígbà tó jí, Micah jókòó tì í.

"Ṣé ẹ bínú sí mi?" Àpèkẹ́ bi í.

"Rárá. Mo ti sọ ọmọ tí mo ń retí lórúkọ ni. Ìtẹ́olúwakìíṣí ni mo pè é."

Àpèkẹ́ fi aṣọ bojú, ó sunkún.

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ìdodo tó ń yọ lára àgbà kì í ṣe ohun àbùkù. Ẹ má fi ọ̀já pa á mọ́, ẹ lọ fi han dókítà. Bó bá le, tó ń dùn, tí kò wọlé mọ́, tàbí tí èébì tẹ̀ lé e, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ sì sọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, nítorí ìtìjú tí Àpèkẹ́ sá fún níwájú ọkọ rẹ̀ kò tó ìdajì èyí tó wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.