Ta Ló Pa Ológbò Oko Avelar?

Ológbò mẹ́sàn-án ló kú lẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń fún mílíìkì màlúù lóko Avelar, ní ìlú Tulare. Mẹ́sàn-án, láàárọ̀ Mọ́ńdè kan ṣoṣo! Wọ́n nà gbalaja yí àwo mílíìkì wọn ká. Ọ̀kan ṣì forí sínú àwo.

Nohemí Barragán ló kọ́kọ́ rí wọn. Ọdún kọkànlá ẹ̀ rèé tó ti ń fún màlúù níbẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń da mílíìkì màlúù tí ara ẹ̀ ò yá fún wọn, torí wọn kì í jẹ́ kírú ẹ̀ wọ táńkì.

Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ẹ ò kú lásán. Màá mọ ẹni tó pa yín."

Nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdeè, ojú òun náà ti pọ́n bíi ti ẹni tó ní àpólò. Oyama, dókítà ẹran tìjọba, dé.

"Àìsàn ẹyẹ tó ń pa adìyẹ kiri yẹn ni," ló wí. "Ó ti pa ológbò, ó ti wọ ojú yín, màmá. Ibo ló gbà wọlé?"

Ọ̀gá Avelar tó loko ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè ni? Obìnrin yìí ń sin adìyẹ! Màlúù tèmi ò ní nǹkan kan. Èmi ni mo bu mílíìkì táńkì fún àyẹ̀wò ní Mọ́ńdè, kò sí àìsàn níbẹ̀. Ìgò kejì rèé nínú fíríìjì."

Ó gbé e jáde. Mílíìkì náà funfun kan náà látìsàlẹ̀ dókè.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, màmá, a máa pa adìyẹ yín lọ́la."

"Kó sì kẹ́rù ẹ̀ kúrò lóko mi," Avelar fi kún un.

Adìyẹ méjìlélógún! Ìyá Nohemí ló sin ìyá ńlá wọn.

"N ò lọ ibì kankan," Nohemí dáhùn.

Tacho tó ń wa ọkọ̀ mílíìkì ló kọ́kọ́ bá. Oko sóko ni Tacho ń lọ, látìjẹta ló sì ti ń wọ jígí dúdú.

"Tacho, oòrùn wo lò ń sá fún nínú kùrukùru yìí?"

"Oge ni mò ń ṣe, àǹtí."

"Oge! Pẹ̀lú bàtà tó lu yẹn? Àbí ìwọ lo kó àìsàn wá?"

"Ẹ mọ̀ pé n kì í wọ ibi tí màlúù wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí mọ́. Tí wọ́n bá gborúkọ mi, wọ́n á tún ní kí n mú ìwé ìgbélùú wá."

Ẹ̀rù ló ń bà á, kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Nohemí kọjá sọ́dọ̀ màlúù mẹ́jọ tí ara wọn ò yá. Mílíìkì wọn ki, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nọ́ńbà oníke tuntun tí wọ́n fi ń dá màlúù mọ̀ ń dán létí wọn. Ó fọwọ́ kan etí ọ̀kan, ó kan èkejì. Ihò méjì méjì! Ó padà lọ wo ìgò inú fíríìjì. Ó wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

Ní Tọ́sìdeè, dókítà àtàwọn èèyàn ẹ̀ gbé àgò wá. Nohemí dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ oko yòókù tò sẹ́yìn ẹ̀.

"Dókítà, tí àìsàn yìí bá wọ agbo adìyẹ, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń lò?"

"Méjì. Mẹ́ta. Wọ́n á kú tán."

"Ológbò kú ní Mọ́ńdè. Ẹ ka adìyẹ mi."

Dókítà kà á. Méjìlélógún.

Nohemí ní, "Bàtà oko kì í wọ ibí, ìyẹn ni àìsàn ò fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wá wo ìgò yìí. Mílíìkì tá a fún lára màlúù, tó bá ti jókòó, ọ̀rá ẹ̀ á léfòó, á dà bíi fìlà. Èyí ti jókòó láti Mọ́ńdè. Fìlà ẹ̀ dà? Mílíìkì ilé ìtajà ni, èyí tí wọ́n ti po ọ̀rá ẹ̀ mọ́ ọn! Ta ló bù ú? Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" Avelar jágbe.

"N ò pa á mọ́. Èmi ni mo ń lu etí màlúù oko yìí, ihò kan ṣoṣo ni mo máa ń lu. Mẹ́jọ tó ń ṣàìsàn ní méjì. Ẹ gé nọ́ńbà tí wọ́n bá wá kúrò, ẹ lu tuntun sí i. Ibo lẹ ti kó wọn wá? Mílíìkì wọn ló pa ológbò. Òun náà ló ta sí mi lójú."

Èjìká Avelar wálẹ̀.

"Ti àbúrò mi ni. Ìjọba ti ti oko ẹ̀ pa torí àìsàn yìí. Ó ní kí n bá òun fi mẹ́jọ tó kù nínú ẹran bàbá wa pamọ́. Ara wọn le lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Nígbà tó yí padà, mo mọ̀ pé wọ́n máa ti tèmi náà pa."

"Lẹ bá ní kó jẹ́ adìyẹ mi ló máa kú."

Dókítà mú ìwé jáde. "Mo nílò ẹni tó máa fọwọ́ sí ohun tó rí lóko yìí. Pẹ̀lú orúkọ."

Kálukú ń wo bàtà ara ẹ̀.

"Tó o bá fọwọ́ sí i," Avelar wí, "o ò ríṣẹ́ mọ́ ní gbogbo Tulare."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá màlúù á máa fún ara ẹ̀." Nohemí gba bírò. "Nohemí Barragán. Ẹ kọ ọ́ kó hàn dáadáa."

Ó fọwọ́ sí i. Tacho bọ́ síwájú. Ó yọ jígí dúdú. Ojú ẹ̀ pọ́n bí ata.

"Anastasio Quiroz lorúkọ mi gan-an," ló wí. "Ẹ kọ tèmi náà."

Ẹnì kan tún ṣí fìlà sókè lẹ́yìn ẹ̀. Òmíràn tún bọ́ síwájú. Ojú pípọ́n ni gbogbo wọn.

Lẹ́yìn Nohemí, adìyẹ kan figbe ta. Ó ti yé ẹyin.